Ọjọ́ Tí Mo Di Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Mú

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Ọ̀kà, ó kan ilẹ̀kùn mi ní Ìkàrẹ́. Ó fi ìborùn rẹ̀ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mọ́ orí, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Kò tíì jókòó tó fi na ìka sí ẹnu, tó wá fi ìka náà gún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ léraléra, kíákíá, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún nǹkan. Mo mọ ohun tó ń sọ. Eyín ń dùn ún, kò sì jẹ́ kó sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbọ́ràn. Ó ń gbọ́ràn nígbà tí wọ́n bí i o. Ó tilẹ̀ ti ń kọ́ súrà kéékèèké lọ́dọ̀ bàbá wa, tó jẹ́ alfa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ibà líle kan dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó dìde, ohùn wa kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, nígbà tó sì yá, ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ náà pòórá. Èmi kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà náà. Bí mo ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́dọ̀ ìyá wa ni mo ń kọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, èdè tí àwa méjèèjì fúnra wa ṣe, tí kò sí nínú ìwé kankan. Fífa etí ni ìyá wa, nítorí yẹtí rẹ̀. Fífi ọwọ́ pa irùngbọ̀n ni bàbá wa. Èmi ni ìka tó ń kọ nǹkan sójú afẹ́fẹ́, nítorí pé mo di tíṣà. Nínú èdè náà kò sí “ẹ”, kò sí “ẹ̀yin”. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ṣùgbọ́n “ìwọ” ni mò ń pè é lọ́wọ́, “ìwọ” ni òun náà ń pè mí.

Àwọn ará ilé yòókù mọ díẹ̀: wá, lọ, jẹun, ó tó. Ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ kan ní Ọ̀kà, èèyàn jẹ́jẹ́, mọ̀ jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, èmi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Kí n má purọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ń yí ọwọ́ níwájú àlejò, tí wọ́n bá wá kọjú sí mi pé “Kí ló wí?”, orí mi máa ń wú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Wọn ò tíì yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Àkúrẹ́ ni gbogbo àṣẹ lórí ilé-ẹ̀kọ́ wa sì ti ń wá. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi dé yẹn gan-an ni àwọn ìnsipẹ́kítọ̀ ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá wo kíláàsì mi. Wọ́n fẹ́ yan igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ mi sì wà lára àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Agogo mọ́kànlá ni wọ́n ní àwọn máa wọlé. Mo ti lọ aṣọ mi láti àná. Bí mo ṣe rí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà, tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wo agogo.

Ilé ìtọ́jú eyín kékeré kan wà ní Ìkàrẹ́ nígbà náà, yàrá méjì péré, tí dókítà kan dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ mọ́ báyìí. Agogo mẹ́jọ ààbọ̀ la débẹ̀, àwọn mẹ́ta sì ti ṣáájú wa. Nígbà tó kàn wá láti gba káàdì, obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè orúkọ rẹ̀. Mo ní, “Kì í gbọ́ràn.” Obìnrin náà gbé ohùn sókè, ó pariwo ìbéèrè kan náà sí i létí. Ẹ̀gbọ́n mi fà sẹ́yìn. Mo tún sọ pé kì í gbọ́ràn, mo sì dáhùn gbogbo rẹ̀ fúnra mi. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò wo ojú rẹ̀ mọ́. Èmi ni wọ́n ń wò.

Dókítà náà kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó ti fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ojú rẹ̀ nìkan la ń rí. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń wo ètè èèyàn. Kì í mọ gbogbo ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mọ̀ bóyá èèyàn ń bínú ni, tàbí ó ń rẹ́rìn-ín, tàbí ó ń béèrè nǹkan. Lára dókítà yìí, kò rí nǹkan kan mú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n sọ fún un pé kó ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ná. N kò sọ.

“Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń dùn ún, Màmá?”

“Yóò ti tó ọ̀sẹ̀ kan,” ni mo wí. N kò bi í léèrè.

“Ṣé nǹkan tútù ló ń dùn ún sí, àbí nǹkan gbígbóná?”

“Méjèèjì.” N kò bi í léèrè.

“Ṣé ó ti lo oògùn kan rí tí ara rẹ̀ kọ̀?”

“Rárá o.”

Ẹ̀gbọ́n mi fa apá aṣọ mi. Ó yí ọwọ́ sókè: kí ló ń sọ? Mo na ìka kan sí i pé kó dúró ná. Ó dúró. Ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọ kékeré láàárín àwa méjèèjì tí à ń sọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, obìnrin tó bí ọmọ mẹ́rin, tó ń yan gààrí tí wọ́n ń wá rà láti Ògbàgì.

Nígbà tó gun orí àga, dókítà tẹ nǹkan kan, àga náà sì dà sẹ́yìn lójijì. Ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún un pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó figbe ta, igbe rẹ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ó sì rọ̀ mọ́ apá àga náà. Iná ńlá kan tàn sí i lójú. Ó di ẹni tí kò rí mi dáadáa mọ́, kò sì rí ọwọ́ mi. Ẹni tí kò gbọ́ràn tí wọ́n tún fi iná dí lójú, kí ló kù fún un? Lónìí ni mò ń béèrè èyí. Lọ́jọ́ yẹn, agogo tó wà lára ògiri lókè orí dókítà ni mò ń wò. Ó ku díẹ̀ kó lu mẹ́wàá.

Dókítà fi irin tín-ínrín kan ń kan eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lápá òsì nísàlẹ̀, eyín kan ní ihò dúdú. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó gbẹ̀yìn pátápátá, funfun, ó sì dà bí ẹni pé kò ní nǹkan kan. Ó kan èyí tó ní ihò, ẹ̀gbọ́n mi ta kìjí. Ó kan ti ẹ̀yìn, ó tún ta kìjí. Ẹ̀rù ti bà á débi pé ibi gbogbo ló ń ta kìjí sí.

“Màmá, èwo ló sọ pé ó ń dun òun?”

“Èyí tó ní ihò yẹn ni.”

Ohun tí mo wí nìyẹn. N kò mọ̀. Mo rí ihò, mo sì pinnu.

Dókítà yí padà, ó mú abẹ́rẹ́. Ó fi ìka kan eyín oníhò náà láti fi ibẹ̀ sọ́kàn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti orí àga náà. Ó na àtàǹpàkò, ó gbé e kọjá èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó mi ọwọ́ náà: kì í ṣe èyí.

Mo rí i. Láti ọdún yẹn wá, bí mo bá ń rò ó, mo máa ń fẹ́ sọ fún ara mi pé bóyá n kò rí i dáadáa, pé bóyá iná náà tàn sí mi lójú. Irọ́ ni. Mo rí i, mo sì gbọ́ ọ yé, bí mo ṣe ń gbọ́ orúkọ ara mi.

“Kí ló ń sọ?” ni dókítà bi mí.

Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Wọn yóò gbé àga dìde, màá ṣàlàyé, yóò ṣàlàyé, dókítà yóò tún kan eyín. Ó ku wákàtí kan. Ilé-ẹ̀kọ́ mi sì wà lódìkejì ìlú.

“Ẹ̀rù ló ń bà á,” ni mo wí. “Ẹ máa ṣe é lọ.”

“Ẹ bá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó má baà lu abẹ́rẹ́.”

Mo di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì mú. Mo tẹ̀ wọ́n mọ́ ọn láyà. Ó gbìyànjú láti fa ọwọ́ ọ̀tún yọ, mo sì fún un mọ́lẹ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ wọlé, a dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ni dókítà mú ẹ̀mú. Ìka ẹ̀gbọ́n mi ń mì lábẹ́ ọwọ́ mi ní gbogbo ìgbà náà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbígbọ̀n ni wọ́n ń gbọ̀n. Ó ń sọ̀rọ̀ ni. Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi títí eyín náà fi jáde.

Agogo mẹ́wàá ààbọ̀ ni mo fi í sínú ọkọ̀ Ọ̀kà, pẹ̀lú òwú lẹ́nu rẹ̀ àti oògùn nínú àpò. Ó tún fẹ́ fi ọwọ́ sọ nǹkan fún mi, mo ní kó lọ sinmi, mo ní ó ti parí. Mo dé ilé-ẹ̀kọ́ ṣáájú àwọn ìnsipẹ́kítọ̀. Wọ́n yin kíláàsì mi. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí mo di igbákejì ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọkọ rẹ̀ wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó dúró sábẹ́ igi kajú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì, ó bọ́ fìlà.

“Tíṣà, eyín yẹn ṣì ń dùn ún o. Ibì kan náà ló ń tọ́ka sí lẹ́nu.”

“Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojú egbò ni, Bàbá. Yóò dùn ún fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa fi omi oníyọ̀ yọ ẹnu.”

“Omi oníyọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti Ọ̀kà wá nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì fi omi oníyọ̀ dá a padà, nígbà tí mo mọ̀ pé eyín tó ń dun ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. N kò lè sọ ọ́ jáde nígbà náà. Bí mo bá sọ pé eyín mìíràn ni, wọn yóò béèrè bí mo ṣe mọ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, ara mi kò gbà á mọ́, mo lọ sí Ọ̀kà. Mo bá a lórí ẹní ní ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti wú dé abẹ́ ojú, awọ rẹ̀ ń dán. Ẹnu rẹ̀ kò ṣí ju ibi tí ṣíbí lè gbà wọlé lọ. Ọkọ rẹ̀ ní ògì nìkan ló ń mu láti ọjọ́ mẹ́ta. Agbada gààrí rẹ̀ wà lórí ààrò, ó tutù, adìẹ kan dúró sínú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì di ojú rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Bí inú bá ń bí àwọn tó ń gbọ́ràn, wọ́n lè dákẹ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ yóò ṣì máa wọlé sí wọn létí. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá di ojú, kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọ̀rọ̀ mi lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án lórúnkún. Ó gbé orúnkún náà kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì mọ̀ pé mò ń sunkún, nítorí kò wò mí.

Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ pa á lórí títí ó fi ṣí ojú. Ó fi ọwọ́ díẹ̀ tó mọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn lọ sí Ìkàrẹ́. Ó gbà láti bá a lọ. Kí a tó gbéra, ó wọlé, ó mú dígí kékeré tó fi ń kun tìróò, ó ṣa èédú kan nídìí ààrò, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó sì fa ilà dúdú kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú náà láti ìta, ní ọ̀gangan eyín tó gbẹ̀yìn. Ó mú èédú náà dání. Mo jókòó lẹ́yìn nínú ọkọ̀, ọkọ rẹ̀ wà láàárín wa.

Ní ẹnu ọ̀nà yàrá dókítà, ó yí padà, ó na ìka sí bẹ́ǹṣì ìta, ó wá na ìka kan náà sí mi. Mo jókòó síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí dókítà jáde wá bá mi. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi túmọ̀. Ó fa èédú sójú.”

“Ẹ má bi mí,” ni mo wí. “Òun ni kí ẹ bi. Ẹ kọ́kọ́ yọ aṣọ ẹnu yín kí ó lè rí ètè yín. Bí ẹ bá fẹ́ da àga sẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yín ṣàpẹẹrẹ rẹ̀ fún un. Ẹ gbé iná kúrò lójú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ó bá gbé ọwọ́ sókè, ẹ dúró.”

Ó ń wò mí. Mo rò pé ohùn mi ló jẹ́ kó fura pé ọ̀rọ̀ ṣì kù.

“Lọ́jọ́sí,” ni mo wí, “ó sọ fún mi pé kì í ṣe eyín yẹn. Ó sọ ọ́ kí ẹ tó fún un lábẹ́rẹ́. Èmi ni mo sọ fún yín pé ẹ̀rù ló ń bà á.”

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, “Eyín yẹn, à bá ti dí ihò rẹ̀ ni. Èmi náà kò farabalẹ̀ wò ó tó. Mo gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ nítorí pé ẹ yára dáhùn.” Ó dìde, ó padà wọlé.

Eyín tó gbẹ̀yìn náà ti là wẹ́rẹ́ láti orí dé ìdí, ọyún sì ti gbá jọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àti oògùn fún ọjọ́ márùn-ún kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lè fà, lẹ́yìn náà ló padà wá yọ ọ́. Èmi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ rẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀ẹ̀mẹta náà sì ni dókítà dúró.

Ara rẹ̀ yá. Ó padà sídìí agbada. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò mọ̀ títí di ìgbà náà. Bí gààrí bá ti ń jinná, ohùn rẹ̀ nínú agbada máa ń yàtọ̀, òun sì ni àwọn obìnrin yòókù ń tẹ́tí sí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbọ́ ọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń ju gààrí díẹ̀ sẹ́nu, yóò fi eyín inú lápá òsì rún un, bí ó bá ṣe ń dún nínú egungun àgbọ̀n rẹ̀ ni yóò fi mọ̀ pé ó ti gbẹ tó. Eyín méjì tó lọ yẹn ló ti fi ń ṣe é láti kékeré. Ó gbìyànjú apá ọ̀tún, kò rí bákan náà. Fún oṣù bíi mélòó kan gààrí rẹ̀ máa ń gbẹ jù tàbí kó má gbẹ tó. Àwọn oníbàárà láti Ògbàgì dín kù.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí ni mo pinnu pé màá jẹ́wọ́. Mo lọ sí Ọ̀kà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ó ń yan gààrí, èéfín bo ojú rẹ̀, igbá tó fi ń yí i ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ti ń wò mí lójú nígbà náà. Ó ti ń jẹ́ kí n bá òun sọ̀rọ̀. Mo jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ sọ ọ́: Lọ́jọ́ yẹn, lórí àga yẹn. Ọwọ́ rẹ. Ẹ̀yìn, ẹ̀yìn. Mo rí i. Mo purọ́ fún dókítà.

Igbá náà dúró.

Ó béèrè pẹ̀lú orí: nítorí kí ni?

Mo fi ìka kọ nǹkan sójú afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ mi. Àwọn àlejò láti Àkúrẹ́.

Ó wo ọwọ́ mi fún ìgbà pípẹ́. Gààrí ti bẹ̀rẹ̀ sí í jóná létí agbada. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yé mi: Mo rò pé o kò rí i ni. Mo ti ń sọ fún ọkọ mi pé o kò rí i.

Mo ti rò pé ó mọ̀. Mo ti rò pé torí náà ló fi di ojú sí mi lọ́jọ́ yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bínú pé mo di ọwọ́ òun mú, pé n kò farabalẹ̀ wo òun. Ṣùgbọ́n ó ti ń bá mi wá àwíjàre láti ìgbà náà, ó ti ń gbèjà mi lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń fura. Èmi wá fi ẹnu ara mi, tàbí kí n sọ pé ọwọ́ ara mi, gba àwíjàre náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá sọ̀ ẹrù kúrò lọ́rùn ara mi ni, mo sì gbé e lé e lórí.

Ó da gààrí tó jóná náà sílẹ̀. Ó bu tuntun sínú agbada. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi lọ.

Oṣù márùn-ún ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé mi. Mo máa ń rí i lọ́jà Ìkàrẹ́, yóò kí mi pẹ̀lú orí, yóò sì kọjá. Ìyá wa bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa, mo ní kò sí nǹkan kan. Títí ìyá wa fi kú, n kò sọ fún un.

Ọjọ́ Iléyá ló padà wá, òun àti ọkọ rẹ̀. N kò retí wọn. Mo gún iyán, mo gé ẹran tirẹ̀ kéékèèké nítorí ẹnu rẹ̀. Ó wo àwo náà, ó wò mí, ó tì í padà sọ́dọ̀ mi, ó na ọwọ́ sínú ìkòkò, ó sì mú egungun ńlá kan fúnra rẹ̀. Apá ọ̀tún ló fi jẹ ẹ́. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn kan fún wa, nípa aládùúgbò rẹ̀ kan àti ewúrẹ́ kan tó wọ mọ́sálásí. Ọkọ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Àárín ìtàn náà ni ó fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan tí n kò rí rí: ó pa ìka méjì pọ̀, ó fi gbo ìgbáròkó. Àmì tuntun ni, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ṣe nígbà tí n kò sí lọ́dọ̀ wọn. Mo fẹ́ máa rẹ́rìn-ín lọ bí ẹni pé ó yé mi. Mo dá a dúró. Mo yí ọwọ́ sókè: kí nìyẹn?

Ó tún un ṣe. Kò yé mi. Mo tún béèrè.

Ó mí kanlẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó sì bẹ̀rẹ̀ látòkè.